Kọ̀ǹpútà mẹ́fà, Windows 10 ti dópin: ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìyá Bísí Sábó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó tí a ti ń tẹ̀wé: fọ́tòkọ́pì, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìwáṣẹ́, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ yunifásítì LASUSTECH. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, Windows 10 ló sì wà lórí gbogbo wọn. Láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025 tí Microsoft ti jáwọ́ lọ́rọ̀ Windows 10, ìmọ̀ràn ò jẹ́ kí n sinmi. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ká ra Mac, kọ̀ǹpútà Apple. Àbúrò ọkọ mi ní Chromebook, kọ̀ǹpútà Google, layé ń lò báyìí, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo nǹkan ti kó lọ. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún wa ní ká fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè dípò Windows, sí i, ká má náwó rárá. Oníkálukú ń pọ́n tirẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún.

Owó ọwọ́ mi ò lè ra ju tòkunbọ̀ méjì lọ, bóyá mẹ́ta tí mo bá ná an dáadáa. CorelDRAW tí a fi ń ya àwòrán àti Word tí a fi ń tẹ̀wé la ń lò jù. Peachtree, ètò ìṣírò owó, náà wà fún ìwé owó oníbàárà wa kan. Ẹ gbà mí.

Ọmọ Ìgbógbó

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ kọ́kọ́ sọ prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó wà nínú wọn fún wa. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ msinfo32, ẹ tẹ Enter. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ Processor sí.

Ìyá Bísí Sábó

Mẹ́rin jẹ́ i5-6300U. Ọ̀kan jẹ́ i7-6600U, òun ni mo rà lọ́wọ́n jù. Èyí tó kù jẹ́ i5-8250U.

Ọmọ Ìgbógbó

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. i7 lẹ rà lọ́wọ́n, àmọ́ i5 yẹn ló máa gbà yín.

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé dáàṣì ni kí ẹ máa wò. 6300 àti 6600, ìran kẹfà ni. 8250, ìran kẹjọ. Tí ẹ bá rí 1135G7, ìran kọkànlá nìyẹn. Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ, Windows 11 ò gbà á. Ó tún ń fẹ́ TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò inú kọ̀ǹpútà), RAM (àyè tó fi ń ronú) 4GB àti àyè ìtọ́jú nǹkan 64GB, ṣùgbọ́n prósẹ́sọ̀ ló ń ta ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ nù. i7 yín yẹn, kọ́ọ̀rù méjì ló ní, i5-8250U sì ní mẹ́rin. Bébà kékeré tí wọ́n kọ i7 sí ni wọ́n tà fún yín.

Tó bá jẹ́ AMD tó ń ṣe prósẹ́sọ̀ Ryzen, ẹ má fojú inú kà á o. Orúkọ Ryzen kan lè jọ tuntun kó má sí nínú àkójọ tí Microsoft gbé síta. Ẹ wá a níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Bàbá Atẹ̀wé

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Ọmọ Ìgbógbó, o ṣeun, o là á yé wọn. Ìyá Bísí, ẹ fún mi láyè kí n lọ sẹ́yìn díẹ̀, torí ohun tó ń ṣe yín yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo kúrò nídìí tápúráítà bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà, WordPerfect la fi ń tẹ̀wé. Ojú rẹ̀ búlúù, lẹ́tà rẹ̀ funfun, kò sí àwòrán kankan. Bébà gbọọrọ kan la máa ń gbé sórí kíbọ́ọ̀dù, òun ló ń sọ iṣẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan: F7 láti jáde, Shift àti F7 láti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ìka mi ò gbàgbé títí dòní. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò nígbà náà, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì. A ò rò pé nǹkan lè ṣe é. Windows 3.0 dé ní 1990. Microsoft ló ni Windows, òun náà ló ni Word, Word sì ti jókòó sórí Windows láti 1989. WordPerfect tó wà fún Windows, ìparí 1991 ló tó jáde. Kó tó dé, wọ́n ti jókòó sáyè rẹ̀.

Ẹ wo ọjà Ìta-Ẹlẹ́wà. Bí onítòmátò jèrè, bí onígààrí jẹ gbèsè, ẹni tó ni ilẹ̀ á gba owó ìta. Ibẹ̀ ni Microsoft jókòó sí. Ní 1981, IBM ń kánjú ṣe kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó mú prósẹ́sọ̀ lọ́dọ̀ Intel, ó ní kí Microsoft wá ètò tí yóò máa darí ẹ̀rọ náà. Microsoft ò ní in nílé. Ó lọ ra èyí tí ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Seattle ti ṣe, òun ló wá di DOS, 75,000 dọ́là ni gbogbo owó tó bá a lọ nígbà náà. Ó wá fún IBM lò, àmọ́ kò fún un tán: ó di ẹ̀tọ́ láti tà á fún ẹlòmíràn mú sọ́wọ́. Nígbà tí Compaq àtàwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ bíi ti IBM, ẹnu ọ̀nà Microsoft ni gbogbo wọn ń kàn. Ó tiẹ̀ dé ìgbà kan tó jẹ́ pé iye kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ bá kó jáde ló fi ń sanwó fún Microsoft, ì báà fi DOS sínú rẹ̀, ì báà má fi sí i. Ọdún 1994 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó dá a lẹ́kun. IBM tó dá ọjà náà sílẹ̀ ńkọ́? Ní 2005 ó kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àdáni rẹ̀ tà fún Lenovo, ará Ṣáínà.

Nítorí náà mi ò ní bi yín pé kọ̀ǹpútà ta lẹ fẹ́. Orí ilẹ̀ ta ni iṣẹ́ yín wà? CorelDRAW ńkọ́? Peachtree ńkọ́? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀nà Ìjẹdè

Bàbá, ẹ kú àlàyé, ẹ̀mí yín á gùn. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ yẹn náà ń bẹ̀rù pé kí wọ́n má gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òun. Netscape, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ní íntánẹ́ẹ̀tì ni èèyàn á máa gbà ṣe gbogbo nǹkan, pé Windows ò ní já mọ́ nǹkan mọ́. Microsoft so Internet Explorer, irú ètò kan náà tirẹ̀, mọ́ Windows lọ́fẹ̀ẹ́, ó di ẹjọ́ ní 1998. Adájọ́ ní kí wọ́n la Microsoft sí méjì ní 2000, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé pípín náà ní 2001. Ohun tí Netscape ń sọ nígbà yẹn, òun ni Google wá fi ṣe Chromebook ní 2011. Àbúrò ọkọ yín ò purọ́ tán mà.

Apple náà, àwọn èèyàn ń pè é ní ọ̀tá Microsoft. Ẹ wá fídíò Oṣù Kẹjọ 1997 wò: Steve Jobs tó wà lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀ dúró lórí pèpéle ní Boston, ojú Bill Gates, ọ̀gá Microsoft, gbòòrò sórí ògiri lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èrò ń hó lé e lórí. Microsoft fi 150 mílíọ̀nù dọ́là sínú Apple lọ́jọ́ yẹn, ó sì ṣèlérí Office fún Mac fún ọdún márùn-ún. Wọ́n ń jà, wọ́n sì jọ ń jẹun.

Ayàwòrán Ìjẹdè

Ìyá Bísí, ẹ kú ìnáwó o. Mac ni mò ń lò, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi láìpọ́n ọn.

Iná ló gbé mi débẹ̀, kì í ṣe fáàrí. MacBook Air M1 tó jáde ní ìparí 2020, ṣájà rẹ̀ ò ju 30W lọ, kò ní fáànù, mo lè fi ṣe káàdì ìgbéyàwó láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ láìtan jẹ́nẹ́rétọ̀. Ìnfátà kékeré tó wà nílé ń gbé e láìráhùn. Ní ọ̀nà tiwa níbí, ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tí ọmọ yín ò sọ. RAM rẹ̀ ò ṣe é fi kún láéláé, bí ẹ bá ṣe rà á ló ṣe máa wà. Peachtree tí ẹ ní yẹn, ti Windows ni, kò ní bá a lọ. CorelDRAW padà sórí Mac ní 2019, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ rà fún Windows kọ́ lẹ máa gbé síbẹ̀. Tí wọ́n bá sì fẹ́ tà yín ní Mac olówó pọ́ọ́kú, ẹ bi wọ́n bóyá Intel ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Apple ti pààrọ̀ prósẹ́sọ̀ Mac: PowerPC ní 1994, Intel ní 2006, tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 2020. Bó ṣe ń ṣí kúrò, àwọn tó wà lẹ́yìn ló ń dá wà. Wọ́n ti kéde pé macOS Tahoe tó jáde ní 2025 ni ìkẹyìn tí Mac oní-Intel máa rí gbà.

Ẹ tún gbọ́ ohun tójú mi rí. Mac àkọ́kọ́ tí mo rà, ẹni tó tà á fún mi ti ṣí i sílẹ̀ kí n tó dé, ó ń dán gbinrin. Mo lò ó fún oṣù méjì. Ọjọ́ tí mo ní kí n nù ún kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, bó ṣe rí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, "Remote Management", orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ òkèèrè ló wà lójú rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ páṣíwọ́ọ̀dù wọn. Níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Mo pe ọkùnrin náà, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Látìgbà yẹn, ojú mi ni wọ́n ti ń nu Mac, pẹ̀lú dátà tèmi, títí tó fi dé ibi tí mo ti máa kọ orúkọ mi. Ẹni tó bá ní kò sáyè, mo ti kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹnjiníà Agric

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ ló máa kọ́kọ́ ba ti Ìyá Bísí jẹ́: fláàṣì oníbàárà.

Mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé ṣe, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ iléèwé kan á fa fláàṣì yọ lápò, ó ti kì í bọ kọ̀ǹpútà bíi mẹ́wàá lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ ṣí i, gbogbo fódà ti di ṣọ́tíkọ́ọ̀tì. Ẹ tẹ ọ̀kan, ó ti wọlé. Windows 10 tí kò rí àtúnṣe gbà mọ́, àwọn ihò tí wọ́n bá ń rí lára rẹ̀ látìsinsìnyí ò ní dí. Kò ní kú lónìí o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń gba fláàṣì gbogbo ayé ò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti pa tì.

Ọ̀nà kan wà láti ra àsìkò sí i: Microsoft ń fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà fún ara wọn ní àtúnṣe títí di 13 Oṣù Kẹwàá 2026, lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ bá wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft tí ẹ sì jẹ́ kó tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà yín, tàbí kí ẹ san 30 dọ́là. Ti ilé-iṣẹ́ yàtọ̀, 61 dọ́là lórí kọ̀ǹpútà kan lọ́dún àkọ́kọ́. Ṣọ́ọ̀bù lẹ ní, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò.

Ibi tí Linux ti wúlò fún yín nìyí. Kòkòrò tí wọ́n kọ fún Windows, tí ó bá dé orí Linux Mint, ọ̀kan nínú oríṣi Linux, bí ẹni tó ń sọ Faransé ní Ìta-Ẹlẹ́wà ni, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. i5-6300U yín á gbé Mint 22 dáadáa tí ẹ bá fi SSD, díìsìkì tó yára, sí i, wọ́n á sì máa tún un ṣe títí di 2029. LibreOffice ló máa dípò Word. Fún tíípù tí ẹ̀yin fúnra yín bẹ̀rẹ̀ tí ẹ sì parí, kò sí wàhálà. Ibi tó ti ń yọni lẹ́nu ni ìwé tí wọ́n ti ṣe nínú Word wá láti ilé: tábìlì lè yẹ̀, nọ́ńbà ojú ìwé lè sá. Èyí tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sórí Windows, ẹ má bá a jà.

Chromebook? Fún ọmọ iléèwé tó ní Wi-Fi, ó dára. Fún ṣọ́ọ̀bù oní-CorelDRAW, rárá. Dátà yín lẹ máa fi bọ́ ọ. Ẹni tó bá tún fẹ́ rà á, kó wo ọjọ́ tí ọ́pìdéètì rẹ̀ máa tán nínú ètò rẹ̀. Google ti sọ ọ́ di ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí irú ẹ̀rọ náà jáde ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á ní Ìkẹjà.

Ọmọ Ìgbógbó

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, kí ló dé tí ẹ ò sọ ti Rufus, ètò tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí fláàṣì? Wọ́n lè fi fo ìdánwò Windows 11 kọjá. Mo ti ṣe é lórí ìran kẹfà, ó ń rìn.

Ẹnjiníà Agric

Ó ń rìn, mi ò jiyàn. Ti ilé rẹ ni, o lè fò ó. Microsoft ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ẹ̀rọ tí kò bá pegedé, àwọn ò jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ́pìdéètì. Tí ó bá wá kọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú ọjọ́ Sátidé, ṣé ìwọ lo máa dúró níwájú ọmọ olóòkú?

Ọmọ Ìgbógbó

😂 Mi ò sí níbẹ̀ o.

Bàbá Atẹ̀wé

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè tèmi náà rèé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí Ìyá Bísí béèrè. Ìwé ètò ìsìnkú tí ẹ ń sọ, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ orin inú rẹ̀. Kí ló ń fà á tí àmì orí ẹ́ fi ń fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí mo bá gbé e kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀nà Ìjẹdè

Bàbá, ẹ́ ò ní kóòdù odindi tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. ẹ ní tirẹ̀, é ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ jẹ́ ẹ tí àmì kan wá gùn lórí. Fọ́ǹtì ló ń pinnu ibi tí àmì yẹn máa jókòó sí. Ẹ lo Noto Sans tàbí Noto Serif, Google ló ṣe wọ́n, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì gbé fọ́ǹtì kan náà sórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows, ó wà nínú Linux náà. Ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ò mọ̀, wọ́n á ṣì máa wá ọ̀ kiri láti ṣe kọ́pì.

Bàbá Atẹ̀wé

O ṣé, ọmọ mi. Gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Ìyá Bísí Sábó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ilé wa ò ní tú. Mo ti Ìkẹjà dé lánàá, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo bọ́ sílẹ̀ ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ọmọkùnrin kan gbé i7 wá, ó fi àtàǹpàkò bo ìsàlẹ̀ bébà tó wà lára rẹ̀. Mo ní kó ṣí msinfo32. Ó ní, "Mummy, i7 ni, kí lẹ tún fẹ́ wò?" Mo ní nọ́ńbà lẹ́yìn dáàṣì. Ó wò mí, ó pa á dé, ó lọ gbé òmíràn wá láìsọ nǹkan kan. 7500. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló tó gbé i5-8350U wá. Mo ní kó kọ tpm.msc, 2.0 ló wà níbẹ̀. Mo ní kó ṣí bátìrì rẹ̀ fún mi pẹ̀lú powercfg /batteryreport tí ọmọ mi kọ sínú bébà fún mi. A wo iye tí wọ́n kọ pé ó ń gbà nígbà tó jẹ́ tuntun àti iye tó ń gbà báyìí, kò tó ìdajì. Mo fi ìyẹn já owó lé e lórí. Mo ní kó nù ún lójú mi, mo tan dátà fóònù mi fún un, kò sí orúkọ iléèwé kankan tó yọjú. Mo ra méjì.

Bí mo ṣe tò ó rèé: àwọn méjì tuntun yìí àti 8250U wà lórí Windows 11, CorelDRAW àti Word ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn 6300U ti di Linux, ibẹ̀ ni fláàṣì oníbàárà ti máa kọ́kọ́ wọlé, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ̀kẹrin, mo tú SSD àti RAM inú rẹ̀ fi kún àwọn yòókù. Peachtree wà lórí i7 ọlọ́wọ́n yẹn, mo ti yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, mo lẹ bébà mọ́ ọn: ẸNI TÓ BÁ KI FLÁÀṢÌ BỌ ÈYÍ, MO LÉ E LỌ SÍLÉ.

Ẹnjiníà Agric

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ti Peachtree yẹn, fláàṣì kan ṣoṣo ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún bákọ́ọ̀pù rẹ̀, kó má wọ ara kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ so ó mọ́ ìdè kọ́kọ́rọ́ yín.

Ìyá Bísí Sábó

Mo ti gbọ́. Ó ku ẹyọ kan. Àwọn méjì tí mo rà, ọmọ mi ní tóun bá tẹ Shift àti 2, kì í ṣe @ ló ń jáde, àmì méjì tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ń jáde. Gbogbo ímeèlì tó kọ láàárọ̀ yìí ni kò lọ. Ṣé wọ́n ti tún rẹ́ mi jẹ ni?

Ọmọ Ìgbógbó

Rárá mà, kíbọ́ọ̀dù ará Lọ́ńdọ̀nù ni. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ Enter, @ wà níbẹ̀.

Ìyá Bísí Sábó

Mo ti rí i. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.